Bí a ṣe ń pinnu ẹni tó yẹ kó wọ secure unit ní England, láti orí referral dé ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbé e dé

Àwọn èèyàn wa ti pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ní England báyìí, nọ́ọ̀sì o, dókítà o, support worker o, wọ́n kún inú àwọn ọsibítù ọpọlọ alágadágodo tí gbogbo wa ń pè ní secure unit, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ pé ta ló yẹ kó wọlé, ta ni kò yẹ, ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn ọ̀gá kan jókòó síbì kan tí wọ́n kàn ń fọwọ́ síwèé. Rárá o. Wọ́n máa ń rán èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ wo aláìsàn náà lójúkojú ni, lọ́jọ́ kan ṣá wọ́n á ní kí ìwọ náà tẹ̀ lé wọn, ìgbà yẹn ni àyà á wá já. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni mo kọ síbí. Òfin England àti Wales ni mò ń tẹ̀ lé, Scotland ní tiwọn lọ́tọ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ilé ẹjọ́ ló máa sọ bóyá ohun tí ẹnì kan ṣe burú, ìyẹn ò kàn wá. Pé ara èèyàn ò yá náà ò tó, torí àwọn tí ara wọn ò yá tí wọn ò nílò agadágodo kankan ló pọ̀ jù. Ìbéèrè tiwa ni pé kí ni ẹni yìí nílò tí ibi tó fúyẹ́ ju tiwa lọ ò lè fún un, ṣé àwa náà sì lè fún un? Gbogbo ohun tó kù, fọ́ọ̀mù, máàkì, ìpàdé, torí ká lè dáhùn ìbéèrè yẹn ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìpele tó wà

Ìpele mẹ́ta ni. Èyí tó ga jù ni high secure, mẹ́ta péré ló sì wà fún gbogbo England àti Wales: Broadmoor ní Berkshire tó ti wà láti 1863, Rampton ní Nottinghamshire, àti Ashworth ní Merseyside. Rampton nìkan ló ń gba obìnrin níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìyẹn ni medium secure, tí fẹ́ńsì rẹ̀ máa ń ga tó mítà 5.2, lẹ́yìn náà low secure tí tiẹ̀ jẹ́ mítà 3. Tẹ́lẹ̀ o, kò sí nǹkan kan láàárín Broadmoor àti wọ́ọ̀dù lásán, àfi ìgbà tí ìgbìmọ̀ Butler tí ìjọba gbé kalẹ̀ jókòó tí wọ́n sì gbé rìpọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1974 pé kí wọ́n kọ́ ibi tó wà láàárín méjèèjì sí agbègbè kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni medium secure ti wá.

Bí wọ́n ṣe pín in ni pé ẹni tó bá jẹ́ ewu ńlá tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ fún aráàlú ló ń lọ sí high, ẹni tí ewu rẹ̀ le gan-an àmọ́ tí kò tó ìyẹn ló ń lọ sí medium, ẹni tí ewu rẹ̀ ṣì tó ohun tí a ò lè fojú di ló ń lọ sí low. Lórí ìwé ó rọrùn báyẹn. Lójú ayé, ìlà tó wà láàárín medium àti low lè mú káwọn àgbà dókítà méjì máa jiyàn fún wákàtí kan gbáko.

Ohun míì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé fẹ́ńsì nìkan kọ́ ni ààbò. Oríṣi mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀: ògiri àti kọ́kọ́rọ́, ìlànà, bíi ká yẹ ara wò, ká ka ṣíbí àti fọ́ọ̀kì lẹ́yìn oúnjẹ, ká mọ ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀kẹta wá ni bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe mọ aláìsàn náà tó, kí wọ́n mọ̀ pé tó bá ti dákẹ́ báyìí tí kò sì jẹun, nǹkan ń bọ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló lágbára jù lójú tèmi. Ẹlòmíì wà tí fẹ́ńsì ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún, àmọ́ tó nílò òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó sì mọṣẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi sọ́wọ́ wa ló jẹ́ báyẹn. Tí ẹ bá wo fẹ́ńsì nìkan, ẹ máa gbé wọn síbi tó ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka fáìlì kí ẹ tó gbéra

Referral, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ní ká wá wo ẹnì kan, lè ti ọgbà ẹ̀wọ̀n wá, ó lè ti kọ́ọ̀tù wá, ó lè ti PICU wá, ìyẹn wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé ẹni tí àìsàn ẹ̀ gbóná gan-an sí fúngbà díẹ̀ tí apá wọn ò bá ká a mọ́. High secure náà lè fẹ́ sọ ẹnì kan kalẹ̀ sí medium. Ibi yòówù kó ti wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí. Ṣé àìsàn náà ló le sí i ni, àbí ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn? Kò sóhun tó burú nínú kó sú wọn o, àwọn náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Fún ẹlẹ́wọ̀n, ẹ tètè wá ọjọ́ tó máa jáde. Wọ́n lè fi ẹnì kan ránṣẹ́ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré kó lọ sílé, lẹ́yìn tó ti ń ṣàìsàn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n tipẹ́tipẹ́ tí ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Tó bá wọ ọsibítù báyẹn, ọjọ́ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá pé, àhámọ́ ọsibítù ò ní parí pẹ̀lú ẹ̀, ó lè máa bá a lọ. Lójú aláìsàn àti ìdílé rẹ̀, ẹ̀tàn gbáà nìyẹn, kì í sì í ṣe pé wọ́n jẹ̀bi tí wọ́n bá rò bẹ́ẹ̀. Tí àìsàn náà bá le lóòótọ́ kò sí bí a ò ṣe ní gbé e, àmọ́ ẹ bi ara yín bóyá ọsibítù tó sún mọ́ ilé rẹ̀ ò lè gbà á lọ́jọ́ tó bá jáde.

Ẹ wá béèrè fún ìwé. Ìwé tí ọlọ́pàá fi gbé e lọ sílé ẹjọ́, tó ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí àti ọ̀rọ̀ ẹni tó fara gbá nínú. Àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn àtijọ́. Lẹ́tà gbogbo ọsibítù tó ti gbé rí. Tó bá wà lẹ́wọ̀n, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìjà àti ìyà tí wọ́n ti fi jẹ ẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ACCT tí wọ́n ń ṣí fún ẹni tó bá fẹ́ pa ara rẹ̀ lára. Wọ́n á sọ fún yín pé ìwé ò tíì sí. Ẹ tún béèrè.

Nítorí kí ni? Torí orúkọ ẹ̀sùn ò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹni tó finá sí mátírẹ́ẹ̀sì ara ẹ̀ nínú yàrá ẹ̀wọ̀n torí ó fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, àti ẹni tó rọ bẹntiróòlù sẹ́nu ọ̀nà ilé tí àwọn ọmọdé sùn sí, arson ni wọ́n máa kọ fún àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ló máa sọ fún yín ohun tó ń sọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà, bóyá ó ti ń ṣọ́ ẹni náà tẹ́lẹ̀, bóyá ó mú ohun ìjà wá láti ilé, bóyá ó dúró nígbà tí ẹ̀jẹ̀ jáde àbí ńṣe ni wọ́n ní láti fà á kúrò. Inú ibẹ̀ ni ewu wà.

Ìgbésẹ̀ 3: Òfin wo ló máa gbé e wọlé?

Mi ò ní pẹ́ níbí torí ọ̀gá yín máa mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gba ẹnikẹ́ni wọlé tí ìlẹ̀kùn òfin ò bá ṣí. Mental Health Act 1983 ni gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ti dájọ́ fún, Section 47 ni, ẹni tó ṣì ń dúró de ẹjọ́, Section 48, ti 48 yìí sì gba pé kí ìtọ́jú náà jẹ́ kánjúkánjú. Section 49 tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ìdè tó sọ pé aláìsàn ò lè jáde láìjẹ́ pé Ministry of Justice fọwọ́ sí i. Adájọ́ lè fi Section 37 rán ẹnì kan sí ọsibítù dípò ẹ̀wọ̀n, Crown Court sì lè fi Section 41 kún un tó bá rí i pé aráàlú nílò ààbò lọ́wọ́ ìpalára tó le, dókítà kan gbọ́dọ̀ wá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Section 38 wà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì dá wa lójú, kó wá ká wò ó, kò sì lè ju oṣù 12 lọ. Section 35 náà wà tí kọ́ọ̀tù bá fẹ́ rìpọ́ọ̀tù nìkan, àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, Section 35 ò fún yín láṣẹ láti fún un lóògùn tipátipá. Ẹni tí kò ní ẹjọ́ kankan, Section 3.

Dókítà méjì ló máa ń kọ̀wé, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òfin fọwọ́ sí lábẹ́ Section 12.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ò mọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tuntun náà ò mọ̀ ọ́n: wọn ò lè fi Mental Health Act fún ẹlẹ́wọ̀n lóògùn tipátipá nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, kódà kó wà ní wọ́ọ̀dù ìlera tó wà níbẹ̀, torí lójú òfin ibẹ̀ kì í ṣe ọsibítù. Nítorí náà ẹni tí àìsàn ti gbé lọ pátápátá, tó kọ oògùn, tí kò jẹun torí ó gbà pé májèlé wà nínú ẹ̀, ohun tí wọ́n lè ṣe fún un ò fi bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n máa wò ó lọ títí tí ẹ fi máa dé. Ìdí nìyí tí ìlànà NHS England fi ní kí gbogbo ẹ̀ parí láàárín ọjọ́ 28, ọjọ́ 14 fún àyẹ̀wò, ọjọ́ 14 fún gbígbé. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lọ bá a, ẹ má lọ lẹ́nìkan

Dókítà àti nọ́ọ̀sì ni ó máa ń dáa jù, nígbà míì psychologist tàbí social worker máa ń tẹ̀ lé wọn. Dókítà máa gbájú mọ́ àìsàn. Nọ́ọ̀sì ló máa wò ó pé báwo la ṣe máa tọ́jú ẹni yìí ní aago méjì òru lórí wọ́ọ̀dù tó ní aláìsàn míì tí wọ́n ń sùn, ìbéèrè yẹn sì máa ń gbọ́n ju ti dókítà lọ nígbà míì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe ẹni tó kàn ń bá dókítà gbé báàgì.

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ tètè dé torí ẹ máa dúró. Tí ẹ bá wọlé tán, kó tó di pé ẹ rí aláìsàn rárá, ẹ bá wọ́dà tó wà ní wing rẹ̀, ìyẹn apá ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ń gbé, sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un lójoojúmọ́ mọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan: pé ó máa ń bá ògiri sọ̀rọ̀ lóru, pé kò wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí pé ó máa ń ta tẹ́tẹ́ tó sì máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn yòókù, ó di ìgbà tí dókítà bá dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn. Méjèèjì máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń díbọ́n kì í sábà lè díbọ́n tọ̀sántòru, oorun, ìmọ́tótó àti bó ṣe ń jẹun ló máa tú u fó. Àmọ́ ẹ má yára pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́ o, ẹni tó ń ṣàbùmọ́ àìsàn lè máa ṣàìsàn gan-an lábẹ́ ẹ̀.

Tí ẹ bá rí i, ẹ sọ orúkọ yín, ibi tí ẹ ti wá, ohun tí ẹ wá ṣe, ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé ohun tó bá sọ máa wọ rìpọ́ọ̀tù, pé adájọ́ lè kà á. Ẹlòmíì á dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ bi í bó ṣe ń sùn, ta ló máa ń wá wò ó, kí ló mú inú bí i jù níbẹ̀, kó tó wá di pé ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tó gbàgbọ́ nígbà yẹn, ṣé ó ṣì gbà á gbọ́ lónìí. Ẹni tó pa aládùúgbò rẹ̀ torí ó gbà pé aládùúgbò náà ń fi ẹ̀rọ ka ọkàn òun, tó sì wá ń sọ fún yín báyìí pé wọ́dà kan ti gba ẹ̀rọ yẹn, ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ wá gbọ́ nìyẹn. Ẹ ní láti bi í pé kí ló máa ṣe sí wọ́dà náà. Ojú máa ń ti àwọn tuntun láti béèrè, wọ́n rò pé ìbéèrè náà ló máa fi ìrònú yẹn sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Tí kò bá fẹ́ jáde wá, ẹ gba ojú ihò ilẹ̀kùn bá a sọ̀rọ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́. Àyẹ̀wò náà nìyẹn. Ẹ má kọ pé "kò ṣeé yẹ̀ wò".

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa tí a jẹ́ Yorùbá níbí, kí n má fi bò. Ní England, wọ́n ń fi òfin yìí dá àwọn aláwọ̀ dúdú dúró ju ìlọ́po mẹ́ta àwọn aláwọ̀ funfun lọ tí a bá fi iye èèyàn wé iye èèyàn. Nítorí náà tí ẹ bá rí i nínú fáìlì pé ẹnì kan jẹ́ oníjàgídíjàgan, ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí gan-an ló ṣe, ta ló rí i. Nígbà míì ohùn rẹ̀ ló kàn lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá ń da ọ̀rọ̀ náà kọ láti lẹ́tà kan sí òmíràn títí ó fi dà bíi pé ó ti lu gbogbo ìlú. Bákan náà, ẹni tó ní àwọn àjẹ́ ń bá òun jà lè máa sọ ohun tí ìyá rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ náà gbà gbọ́, ó sì lè jẹ́ àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ bi àwọn ará ilé rẹ̀: ṣé bó ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nìyí? Wọ́n máa mọ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ilé ìjọ kan náà fún ogún ọdún tó wá ń sọ pé pásítọ̀ ló fi àjẹ́ sínú omi ẹ̀rọ, àwọn ará ìjọ fúnra wọn á sọ fún yín pé eléyìí ti kọjá ti ìgbàgbọ́. Ẹ má sì torí pé ẹ jẹ́ Yorùbá kí ẹ wá fọwọ́ rọ́ àìsàn tó hàn gbangba sẹ́yìn pé àṣà ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ṣé àìsàn wà, ṣé ìtọ́jú sì wà?

Òfin ní kí àìsàn náà jẹ́ irú èyí, tàbí kó le tó èyí, tó yẹ kó wà lọ́sibítù. Irú rẹ̀ ni bó ṣe máa ń ṣe látẹ̀yìnwá, bó ṣe máa ń yára padà tó bá ti pa oògùn tì. Bó ṣe le tó ni ohun tí ẹ rí lónìí. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ lónìí torí ó ń gba abẹ́rẹ́ ṣì lè bá a mu nípa irú àìsàn rẹ̀ nìkan, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí.

Ọtí tàbí oògùn olóró nìkan ò tó, òfin yọ ọ́ sílẹ̀. Ti personality disorder, ìyẹn àìsàn tó wà nínú ìwà àti ìṣesí èèyàn, ni àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí jù, torí wọn ò lè gbé e wọlé tí kò bá sí ìtọ́jú tó yẹ níbẹ̀ fún un, ìtọ́jú náà sì máa ń gba pé kí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ má kọ "a máa fún un ní ìtọ́jú psychology" bí ẹni ń ṣe àdúrà. Irú èwo? Ta ló máa ṣe é? Ṣé ẹni náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀?

Ìgbésẹ̀ 6: Ewu

Irinṣẹ́ méjì tí a fi ń yẹ ewu wò lẹ máa bá pàdé jù. Àkọ́kọ́ ni HCR-20, ẹ̀dà kẹta rẹ̀ tó jáde ní 2013 la ń lò báyìí. Nǹkan 20 ló wà nínú ẹ̀: mẹ́wàá lórí ìgbésí ayé àtẹ̀yìnwá, bíi ìwà ipá, oògùn olóró, ìyà tó ti jẹ ẹ́ rí, márùn-ún lórí bó ṣe wà lásìkò yìí, ṣé ó mọ̀ pé ara òun ò yá, ṣé ó ń ronú láti ṣe ẹnì kan léṣe, márùn-ún lórí ohun tó ń bọ̀, ibi tó máa gbé, ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Wọn ò ṣe é pé kí ẹ ro máàkì pọ̀ kí ẹ wá sọ pé ó gba 27. Ohun tí a fẹ́ kó yọrí sí ni ìtàn: irú jàǹbá wo, sí ta, kí ló máa ṣáájú rẹ̀, báwo ló ṣe máa yára tó, kí ló lè dá a dúró. Tí rìpọ́ọ̀tù yín bá ní "ewu rẹ̀ ga" tó sì dákẹ́ síbẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan.

Èkejì, tó bá ìpinnu ìgbàwọlé mu jù, ni DUNDRUM, tí Harry Kennedy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Central Mental Hospital ní Dublin. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní nǹkan 11, ẹ máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 sí 4, tí 4 ń tọ́ka sí high, 3 sí medium. Bí ìwà ipá rẹ̀ ṣe burú tó, bó ṣe burú tó nípa pípa ara rẹ̀ lára, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè ṣẹlẹ̀ kánkán tó, ṣé ó lè sá lọ, ṣé wọ́n lè kó oògùn olóró tàbí ohun ìjà wọlé fún un, ẹni tó fara gbá àti ojú tí aráàlú máa fi wò ó, ìwà rẹ̀ níbi tí wọ́n ti tì í mọ́ rí, ọ̀rọ̀ òfin, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí ó ya bí nǹkan ṣe burú tó sọ́tọ̀ kúrò lára bó ṣe sún mọ́ tó. Ọpọlọ èèyàn ò mọ bó ṣe ń yà wọ́n, tó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan pààyàn, ó ti gbé e lọ Broadmoor lọ́kàn rẹ̀.

Ká ní ọkùnrin kan pa bàbá rẹ̀ lójú àìsàn. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà rí ṣáájú, ó ti ń gba oògùn láti oṣù mẹ́ta, ó ń sunkún lójoojúmọ́, kò bá wọ́dà kankan fa wàhálà. Ohun tó ṣe burú bó ṣe lè burú tó, àmọ́ medium ló sábà máa ń bá irú ẹ̀ mu, ewu tó sún mọ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ni pé kó pa ara rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá fi ẹlòmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni, ẹ̀sùn rẹ̀ lórí ìwé kéré, ṣùgbọ́n ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣe ọ̀bẹ ní medium secure méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó fara balẹ̀ ṣọ́ nọ́ọ̀sì kan náà fún ọjọ́ mélòó kan, ó dúró de ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ iṣẹ́. Èyí ni mo máa fi sí iwájú ìgbìmọ̀ high secure.

Lórí sísá lọ, ẹ bi ara yín pé ta ló fẹ́ kó jáde. Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú tó kàn fẹ́ lọ sílé ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ní owó níta àtàwọn ọ̀rẹ́ tó lè wá gé fẹ́ńsì. Ẹ sì wo máàpù: ibo ni ẹni tó fara gbá ń gbé? Tó bá jẹ́ òpópónà kejì sí ọsibítù yín, ẹ má fi dúró di ọjọ́ tí aláìsàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìsinmi jáde.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀

Ní báyìí tí gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fúyẹ́ jù, kí ẹ máa gòkè. Kí ló dé tí wọ́ọ̀dù lásán ò lè gbà á? PICU ńkọ́? Low? Ìpele kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fò, ẹ kọ ìdí kan tó ṣe pàtó: "ní low ó máa wà pẹ̀lú àwọn tó ń jáde lójoojúmọ́, wọ́n sì ti kó oògùn olóró wọlé fún un nípasẹ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ nígbà méjì, ìgbà méjèèjì ló sì lu èèyàn." Bí ẹ bá ti ń kọ ọ́ tí ìdí náà ò wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń pinnu fún yín. Ibi tó ga ju bó ṣe yẹ lọ ń ṣe èèyàn léṣe: àwọn ará ilé rẹ̀ á jìnnà sí i, á pẹ́ kó tó rí ìsinmi gbà jáde, Section 41 ò sì ní ọjọ́ tó máa tán. Ibi tó rẹlẹ̀ jù náà ní tiẹ̀, torí tí wọ́ọ̀dù ò bá ní agbára tó, yàrá àdádó ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀, kó máa gbébẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo wọ́ọ̀dù tiyín. Ta ló wà níbẹ̀ lọ́wọ́? Ṣé ọ̀tá rẹ̀ láti ìgboro wà lórí wọ́ọ̀dù yẹn? Ṣé aláìsàn kan wà tó máa lò ó nílòkulò?

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyí: kí wọ́n kọ ọ́ pé aláìsàn "kò bá ìlànà wa mu" nígbà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ni kò sí. Ohun méjì ni o. Tó bá yẹ kó wá tí ààyè ò sí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí provider collaborative tó ń rí sí bẹ́ẹ̀dì agbègbè yín lè wá ibòmíràn fún un. Tí ẹ bá fi àìsí bẹ́ẹ̀dì pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ọsibítù tó kàn máa ka lẹ́tà yín, wọ́n á sọ pé àwọn yẹn ti ní kò yẹ, àwọn náà á kọ̀, ẹni náà á wà nínú àhámọ́ àdádó lẹ́wọ̀n pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin tó ń tọ́ka síra wọn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìwé àti ìpàdé

Ẹ fi ìdáhùn sí òkè: a gbà á tàbí a ò gbà á, ìpele wo, òfin wo, báwo ló ṣe jẹ́ kánjúkánjú tó. Wọ́n á ka ìyókù tí wọ́n bá fẹ́. Ẹ kọ ohun tí a máa ṣe fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ohun tí a máa rí tí a máa fi mọ̀ pé ó ti tó kó sọ̀kalẹ̀ sí low. Tí ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kàn sí, ẹ sì fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìmọ̀ràn tí wọ́n lè lò lọ́la, ìwọ̀n oògùn, ohun tí wọ́n máa ṣọ́.

Nínú ìpàdé, nọ́ọ̀sì, ẹ sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbà pé wọ́ọ̀dù ò ní lè gbé e, ẹ sọ ìdí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kódà tí ọ̀gá bá ṣì gbà á. High secure ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀ tó ń jókòó lé e lórí, wọ́n á rán ẹni tiwọn wá wò ó fúnra wọn, wọn kì í gba ọ̀rọ̀ yín bẹ́ẹ̀ lásán.

Tí ọ̀pọ̀ bá ń dúró, ẹni tó wà nínú ewu jù níbi tó wà ló máa ṣáájú, kì í ṣe ẹni tí dókítà rẹ̀ ń pè wá jù. DUNDRUM ní apá kejì fún èyí.

Ìgbésẹ̀ 9: Kí ọkọ̀ tó dé

Ẹ pe ìdílé tí aláìsàn bá gbà, ẹ sọ ibi tó ń lọ fún wọn àti bí wọ́n ṣe lè wá wò ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó lè gba lọ́yà kó sì lọ síwájú tribunal, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń wò ó bóyá ó ṣì yẹ kó wà ní àhámọ́. Ìwé àṣẹ Section 47 àti 48 kì í ju ọjọ́ 14 lọ kó tó kú, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù ú kí bẹ́ẹ̀dì tó dájú. Ti Section 37, ọjọ́ 28 ni kọ́ọ̀tù fún yín látọjọ́ ìdájọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ẹ tún pe wing, ẹ bi wọ́n pé kí ló ti ṣẹlẹ̀ látìgbà tí ẹ ti wá, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ti gba oògùn, ṣé ó ti bá ẹnì kan jà, ṣé ó ní ohunkóhun lọ́wọ́, torí àyẹ̀wò tí ẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ti di ọ̀rọ̀ àná. Kí wọ́n fi káàdì oògùn rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi í sínú báàgì ẹrù rẹ̀ tí wọ́n máa gbé wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.